Bí a ṣe ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ọmọ àdúgbò tó ti di ìràwọ̀ eléré, ká má bàa tẹ́

Àpò Ghana-must-go ni màmá ọmọ yẹn gbé jáde láti yàrá. A jókòó sí pálọ̀ wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo níbí, àwa mẹ́rin láti kọ́mìtì àdúgbò, a wọ aṣọ tó dáa, akọ̀wé wa di lẹ́tà mú nínú ẹnfílóòpù funfun, a ti lọ tẹ̀ ẹ́ ní kọ̀ǹpútà, a ti fi sítáǹpù lù ú gbàgàdà. Màmá ò bá wa jà o. Wọ́n kàn da àpò yẹn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, lẹ́tà ló kún inú ẹ̀ bámúbámú, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́ṣáláṣí, ti iléèwé, ti ẹgbẹ́ yìí ti ẹgbẹ́ tọ̀hún, ẹnì kan ń wá owó ilé, ẹnì kan fẹ́ ra mọ́tò, ẹnì kan tí wọn ò mọ̀ rí rárá ní bàbá òun ló sọ ọmọ wọn lórúkọ. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi kà wọ́n, tẹ́ ẹ bá kà á tán kẹ́ ẹ wá gbé tiyín lé e."

Ojú tì wá débi pé omi tí wọ́n gbé fún wa, kò sẹ́ni tó lè mu ún.

Ọmọ wọn yìí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, àbúrò wa ni ládùúgbò, orí pápá iléèwé tá a ti ń gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà lòun náà ti bẹ̀rẹ̀, ó ti ń gbá a jẹun lókè òkun báyìí. Lẹ́tà tá a gbé lọ lọ́jọ́ yẹn, ohun mọ́kàndínlógún la tò síbẹ̀, mo ṣì ní ẹ̀dà ẹ̀ lọ́wọ́: bọ́ọ̀sì, gbọ̀ngàn àdúgbò, tìráńsífọ́mà, ìwé ọ̀fẹ́ fáwọn ọmọléèwé, àti "ìrànlọ́wọ́ mìíràn tó bá wà níkàáwọ́ yín". Tìráńsífọ́mà kẹ̀, lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún! A gbé lẹ́tà wa padà sílé. Ó lé lọ́dún kan ká tó tún lọ, ọ̀nà tá a gbà lọ lẹ́ẹ̀kejì sì yàtọ̀ pátápátá, òun ni mo fẹ́ ṣàlàyé síbí, torí mo mọ̀ pé láti Òkè-Fìà dé Òkè Báálẹ̀, ó ṣòro kẹ́ ẹ tó rí àdúgbò tí ò lọ́mọ kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbì kan, àbí tó ń sáré, àbí tó ń ja ẹ̀ṣẹ́, táwọn ará ilé sì ń sọ lẹ́yìn ẹ̀ pé "ó ti gbàgbé wa".

Kẹ́ ẹ tó mú bírò rárá, ẹ kọ́kọ́ báraa yín sòótọ́: kí ló jẹ yín gan-an?

Orí ọ̀rọ̀ yìí la máa ń jà sí jù níbi tá a ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù nítòsí Ọláìyá. Apá kan á ní Nàìjíríà ló bí i, Nàìjíríà ló sọ ọ́ dèèyàn, dandan ni kó ṣe nǹkan padà sílé, odò tó bá gbàgbé orísun ẹ̀ á gbẹ. Apá kejì á ní kí ni Nàìjíríà fún un, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló fi jìyà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀. Tó bá jẹ́ tèmi, ọ̀rọ̀ "Nàìjíríà" yẹn gan-an ló ń dà wá láàmú. Àwọn Super Eagles tó gba ife Áfíríkà ní Tùnísíà lọ́dún 1994, ìjọba ṣèlérí ilé fún wọn, ó lé lógún ọdún káwọn kan nínú wọn tó rí kọ́kọ́rọ́ gbà. Àwọn Super Falcons, ìyẹn ikọ̀ àwọn obìnrin wa, gba ife Áfíríkà tiwọn ní Cameroon lóṣù Kejìlá ọdún 2016, wọ́n dé Àbújá, títì ni wọ́n tún bọ́ sí láti béèrè owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Kéèyàn jẹ ọmọ ọlọ́mọ lówó, kó tún máa pè é ní ajẹgbèsè, ojú wo lẹ fẹ́ fi wò ó?

Orílẹ̀-èdè wo tiẹ̀ ni ká ní ó ń jẹ lówó? Ní Atlanta lọ́dún 1996, Kanu àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gba wúrà fún Nàìjíríà nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ní Atlanta yẹn kan náà, Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Èkó, gba wúrà tiẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, Amẹ́ríkà ló sì gbà á fún, torí ó ti di ọmọ ibẹ̀ láti 1993. Anthony Joshua, Ṣàgámù ni ìdílé ẹ̀ ti wá, Watford ni wọ́n bí i sí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gba wúrà fún ní London lọ́dún 2012. Giannis tó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní Amẹ́ríkà, Adétòkunbọ̀ lorúkọ ìdílé bàbá ẹ̀, Áténì ní Gíríìsì ni wọ́n bí i sí, ìgbà táwọn ará ibẹ̀ kọ orúkọ yẹn tán ló di Antetokounmpo, àwa tá a lorúkọ ò wá lè pè é mọ́. Ta ló fẹ́ jókòó máa pín gbèsè àwọn wọ̀nyẹn láàárín ìlú méjì? Kì í ṣèmi o.

Àmọ́ ẹ má lọ rò pé mo ní eléré ò jẹ ẹnikẹ́ni. Ó jẹ. Ó jẹ èèyàn, èèyàn tó lórúkọ, tó sì nílé tẹ́ ẹ lè júwe fún ọlọ́kadà.

Torí náà, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ pe ara yín jọ, kẹ́ ẹ má pọ̀, ẹni márùn-ún ti tó, ẹ mú bébà kan kẹ́ ẹ fa ìlà sí i láàárín. Lápá òsì ẹ kọ ohun tí àdúgbò ṣe fún ọmọ yẹn nígbà tí ò tíì lókìkí, lápá ọ̀tún ẹ kọ orúkọ ẹni tó ṣe é. Ohun tí ò bá ti lórúkọ lápá ọ̀tún, ẹ fàlà sí i. A ṣe é ní ọjọ́ Sátidé kan, mo kọ́kọ́ rò pé bébà ò ní gbà á, ẹnì mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ní àdúrà òun ló gbé e dókè òkun (a fàlà sí gbogbo ẹ̀, ẹ má bínú), ẹnì kan ní òun máa ń pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tá a parí, ẹni mẹ́ta ló kù. Kóòṣì wa, télọ̀ ni wọ́n nítòsí Ọjà Ọba, ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, kọ́bọ̀ wọn ò gbà. Ọ̀gá àgbà iléèwé ìgbà yẹn tí wọ́n ní kí wọ́n má ti géètì pápá, tí wọ́n tún jẹ́ kí wọ́n máa pọn omi mu. Ìyá alákàrà tó ń tà láwìn fún wọn lálaalẹ́ tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù tán. Ó parí. Bọ́ọ̀sì, gbọ̀ngàn, tìráńsífọ́mà, kò síbi tá a fẹ́ so ìkankan nínú ẹ̀ mọ́ mọ́.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ti ń pò pọ̀ látọjọ́ yìí: ẹ̀tọ́ wà, gbèsè wà, oore wà. Ẹ̀tọ́ wà nínú ìwé òfin, kò sẹ́ni tẹ́ ẹ máa bẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbà á. Gbèsè wà láàárín òun àtèèyàn mẹ́ta yẹn, kò kan kọ́mìtì àdúgbò. Oore ló kù, oore sì ni wọ́n ń tọrọ, ẹni tó ń tọrọ kì í le ojú koko.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀tọ́, torí ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò jù, wọ́n ò sì sọ fún wa.

Àjọ FIFA, tó ń darí bọ́ọ̀lù lágbàáyé, ti kọ ọ́ sófin tipẹ́ pé tí kíláàbù kan bá ta agbábọ́ọ̀lù sí orílẹ̀-èdè míì kí àdéhùn ẹ̀ tó parí, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó yẹn, wọ́n á yọ ọ́ sọ́tọ̀ fáwọn kíláàbù tó tọ́ ọ dàgbà, láti sáà bọ́ọ̀lù tó pé ọmọ ọdún 12 títí dé sáà tó pé 23. Owó solidarity ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n ṣe ń pín in rèé: sáà ọdún 12 sí 15, ìkọ̀ọ̀kan ń gba 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n tà á. Sáà 16 sí 23, ìkọ̀ọ̀kan ń gba 0.5. Ká ní ọmọ kan wà lọ́dọ̀ yín ní sáà tó pé 16, tó pé 17, tó pé 18, tí wọ́n wá tà á lẹ́yìn ìgbà yẹn ní mílíọ̀nù 10 yúrò. Sáà mẹ́ta, 0.5 lọ́nà mẹ́ta, 1.5 nìyẹn, ó jẹ́ 150,000 yúrò. Fún kíláàbù tí ò ní ju bọ́ọ̀lù méjì lọ! Kò sì mọ síbi ẹ̀ẹ̀kan, ìgbàkígbà tí wọ́n bá tún tà á kọjá ààlà, tiyín á tún jáde, kódà kó ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún. Owó kejì tún wà tó ń jẹ́ training compensation, ìyẹn ti ìgbà àkọ́kọ́ tó bá fọwọ́ síwèé pé òun á máa gbá bọ́ọ̀lù gbowó, àti ìgbà tó bá ń kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì kí sáà ọdún 23 ẹ̀ tó parí. Ṣùgbọ́n tí àdéhùn ẹ̀ bá ti parí tó kàn lọ síbòmíì lọ́fẹ̀ẹ́, kò sówó títà nìyẹn, kò sí solidarity, ẹ má lọ jókòó sẹ́nu géètì báńkì.

Kóòṣì wa ní ìwé kan, ìwé olójú-ewé ọgọ́rin tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya, wọ́n fi òwú àti abẹ́rẹ́ rán an pọ̀, télọ̀ kúkú ni wọ́n. Inú ẹ̀ lorúkọ gbogbo ọmọ tó gba ọwọ́ wọn kọjá wà, ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, ọjọ́ tó wá, ọjọ́ tí ò wá, ìdí tí ò fi wá. Bírò búlúù fún ẹni tó wá, bírò pupa fún ẹni tí ò wá. Ọdún mẹ́jọ, wọn ò fo ọjọ́ kan. Ìwé yẹn ì bá sọ wọ́n dolówó, àmọ́ FIFA ò mọ ìwé yẹn rí, torí kíláàbù wọn ò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Kíláàbù míì nílùú míì tí ọmọ yẹn kàn yà sí fún sáà kan kó tó rìnrìn àjò, orúkọ tiwọn ló wà nínú ìwé, àwọn ló gbà á. Mi ò ní wọ́n jalè o, wọ́n ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ni, àwa la ò ṣe é. Nígbà tá a fi máa gbọ́ pé irú owó bẹ́ẹ̀ wà, tá a lọ bá lóyà, lóyà bi wá ní ìbéèrè méjì péré, níbo lẹ ti forúkọ ọmọ yìí sílẹ̀, ọdún wo ni wọ́n tà á. Ìkíní a ò rí dáhùn. Ìkejì, ó ti lé lọ́dún méjì, tó bá sì ti kọjá ọdún méjì látìgbà tọ́rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, ilé ẹjọ́ FIFA ò ní gbọ́ ẹ mọ́.

Nítorí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ lórí pápá báyìí, tí kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n, ẹ gbọ́ o, ọ̀rọ̀ yín ni mò ń sọ. Ẹ forúkọ kíláàbù yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó bọ́ọ̀lù ní ìpínlẹ̀, kẹ́ ẹ rí i pé orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan wọnú ẹ̀rọ tí NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, fi ń forúkọ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀, sáà dé sáà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan kẹ́ ẹ wá sùn. Kí orúkọ tó wà níbẹ̀ bá èyí tó wà nínú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àti pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ mu létà sí létà, torí Kọ́lá tó di Qola nínú ìwé kan, èèyàn méjì ni lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣí ákántì báńkì lórúkọ kíláàbù, kó má jẹ́ lórúkọ alága. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2022, FIFA ti dá ilé ìsanwó kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Clearing House, ẹ̀rọ ló máa ń to ibi tí ọmọ ti gbá bọ́ọ̀lù látọmọ ọdún 12, tó sì máa ń ṣe ìṣirò fúnra ẹ̀, ẹni tí ò bá sí nínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ò mọ̀ pé wọ́n bí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gé ọjọ́ orí ọmọ kù, owó ara yín lẹ ń gé yẹn, torí ọdún tẹ́ ẹ pa mọ́ ni sáà tí wọn ò ní san. Èyí tó dunni ni pé àwọn tó ń sáré, tó ń ja ẹ̀ṣẹ́, tó ń gbé irin, kò sí irú ètò báyìí fún tiwọn, gbèsè àti oore nìkan ló kù fún ẹni tó kọ́ wọn.

Lórí gbèsè, ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Ẹ má gbà á fún olówó ẹ̀. Ẹ kàn mú kóòṣì, mú ìyá alákàrà, mú ọ̀gá àgbà dé ibi tójú wọn àti tiẹ̀ á ti ṣe mẹ́rin, kẹ́ ẹ yọ ara yín kúrò níbẹ̀. A ti rí kọ́mìtì tó gba owó kóòṣì fún kóòṣì, kóòṣì ò rí i títí dòní.

Oore ló wá kù. Èyí tí mo rí kọ́ ni pé eléré kì í fi tinútinú ṣe ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́, ohun tó ti dùn ún rí ló máa ń ṣe. Ẹ wo Kanu: lẹ́yìn tó gba wúrà ní 1996 ni wọ́n rí i pé àìsàn wà lọ́kàn ẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó yè é, ó padà sórí pápá, nígbà tó sì máa dá nǹkan sílẹ̀ lọ́dún 2000, ọkàn àwọn ọmọdé ló ní kí wọ́n máa tún ṣe. Sadio Mané, bàbá ẹ̀ kú ní kékeré ẹ̀, kò sí ilé ìwòsàn ní Bambali, abúlé wọn ní Sẹ̀nẹ̀gà. Ilé ìwòsàn ló kọ́ síbẹ̀ lọ́dún 2021, iléèwé ló kọ́kọ́ kọ́. Ẹ̀gbọ́n wa Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tí wọ́n ń pè ní Mathematical, Poli Ìbàdàn ni wọ́n ti kàwé ẹnjiníà nígbà tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, iléèwé tí wọ́n wá dá sílẹ̀ ní Wasinmi nípìńlẹ̀ Ògùn, ìwé àti eré ìdárayá pọ̀ ni wọ́n ń kọ́ ọmọ níbẹ̀. Ẹ ò rí i? Kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà tìráńsífọ́mà sí wọn.

Ẹ wá ohun tó dun tiyín, nígbà náà. Ẹ bi àwọn tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù. Ní tiwa, omi ni. Pápá iléèwé yẹn, tí òjò bá rọ̀, omi á dúró sí i fún ọjọ́ mẹ́ta, igun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máńgòrò ló burú jù, ẹrẹ̀ á bo bàtà mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ lọmọ yẹn ti ṣẹ́sẹ̀ nígbà tó wà ní JSS3, odindi sáà kan ló fi jókòó sẹ́yìn ilé máa wo àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Gọ́tà àti iyanrìn, ohun tí pápá nílò ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A mú bíríkìlà mẹ́ta lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má gbọ́ iye tẹ́nì kejì pè, a gba iye owó wọn sínú bébà, a ya fọ́tò omi, a wọn pápá. Lẹ́yìn náà la jókòó sọ ẹni tó máa máa kó ìdọ̀tí inú gọ́tà, torí ohun tó ń pa oore àwọn ọmọ wa nìyí o, wọ́n á gbẹ́ bọ̀hóòlù lónìí, ọdún tó ń bọ̀ ẹ̀rọ á bàjẹ́, wọ́n á tún padà lọ bá a pé kó wá ra ẹ̀rọ. Ìyẹn tún burú ju kí wọ́n má tọrọ lọ. Àwọn òbí gbà pé ọmọ kọ̀ọ̀kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ á máa dá owó táṣẹ́rẹ́ lóṣooṣù, a kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i.

Ìgbà tẹ́ ẹ máa lọ bá a náà ṣe pàtàkì. Àwa ọmọ Òròkí, oṣù Kẹjọ ni gbogbo wa máa ń fẹ́ kí ọmọ wa wálé, torí ọdún Ọ̀ṣun, kó wá jókòó kí gbogbo ayé rí i. Oṣù Kẹjọ gan-an ni bọ́ọ̀lù ń bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yúróòpù! Tó bá wá, iṣẹ́ ẹ̀ ti bọ́ nìyẹn, tí ò bá wá, ẹ ní ó gbéra ga. Oṣù Kẹfà ni kẹ́ ẹ fojú sí, sáà ti parí, ara ti rọ̀ wọ́n. Ẹ má lọ nígbà tó bá farapa. Ẹ má lọ lọ́sẹ̀ tí ìròyìn bá gbé e pé wọ́n tà á ní iye báyìí, torí iye tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn kíláàbù ló gbà á, kì í ṣe òun, àìmọye èèyàn ni ò mọ ìyàtọ̀ yìí tí wọ́n sì ń bínú lásán. Ẹ má kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò ẹ̀ lórí Instagram kí gbogbo èèyàn máa kà á, ìhalẹ̀ nìyẹn lójú ẹ̀. Màmá ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sinmi. Ẹ wá ẹnì kan tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù, tí kò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀ rí, òun ni kó mú ìwé lọ.

Ìwé yẹn, ojú ewé kan ni kó jẹ́. Tiwa kúrú báyìí:

"Àbúrò wa, a kí ọ kú iṣẹ́, kú àjò, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ. Àwa tá a jọ gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá iléèwé la ń kọ̀wé yìí. Omi ṣì ń dúró nígun máńgòrò. A fẹ́ la gọ́tà síbẹ̀, ká da iyanrìn sí i. Iye tí bíríkìlà mẹ́ta pè ló wà lẹ́yìn ìwé yìí. Àwa ti dá ìdá kan nínú mẹ́rin, ìwé báńkì rèé. Tó bá wù ọ́ láti bá wa fi kún un, bíríkìlà ni kó o san án fún, má san án fún wa. Tí kò bá rọrùn, kò sí ìbínú rárá, a ṣì máa wo bọ́ọ̀lù rẹ lọ́jọ́ Sátidé."

Ẹ ṣàkíyèsí ohun méjì níbẹ̀. Àwa la kọ́kọ́ yọ owó sílẹ̀, ó ná wa, ó gbà wá lóṣù mẹ́wàá, àwọn kan tiẹ̀ sá kúrò ní gúrúùpù WhatsApp torí ẹ̀. Èkejì, a ò ní kó fi owó ránṣẹ́ sí wa. Tó bá wá di dandan kí owó gba ọwọ́ yín, ẹni mẹ́ta ni kó máa fọwọ́ síwèé báńkì, ọ̀kan nínú wọn kó jẹ́ obìnrin tó ń tajà, wọ́n mọ owó kà, wọn ò sì gba "má ṣèyọnu" lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Gbogbo risíìtì, kódà ti ike omi táwọn òṣìṣẹ́ mu, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e sí gúrúùpù lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ sì ṣọ́ra fáwọn olóṣèlú. Tí wọ́n bá ti gbọ́ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń bọ̀, bánà ti jáde nìyẹn, orí wọn á tóbi, orí ọmọ ọlọ́mọ á kéré bí èso àgbálùmọ̀ nísàlẹ̀. Oyè náà ńkọ́, ẹ má fi oyè ṣe ìdẹ, kí Kábíyèsí fẹ́ fi í jẹ nǹkan, ìyẹn kò kàn yín.

Tó bá wá sọ pé rárá ńkọ́? Ẹ dákẹ́. Ẹ má sọ ọ́ fún ẹni tí ò bá yín lọ. Ẹ ò mọ iye èèyàn tó ń bọ́, ẹ ò mọ ohun tó ń bá fínra. Rashidi Yekini ló gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà máa gbá sínú àwọ̀n ní ife ẹ̀yẹ àgbáyé, ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994, wọ́n gbá a sí Bulgaria, ó di àwọ̀n mú ó ń sunkún, títí dòní tá a bá rí fídíò yẹn ara wa á bù máṣọ. Ìbàdàn níbí ni wọ́n padà wá gbé, ọkọ̀ wo ló gbé wa láti Òṣogbo lọ kí wọn? Ọdún 2012 ni wọ́n kú, wọ́n sìnkú wọn sí Ira ní Kwara, ìgbà yẹn ni gbogbo ẹnu wá ń ròyìn. Tẹ́ ẹ bá ní eléré àtijọ́ kan ládùúgbò yín, tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ ra búrẹ́dì láàárọ̀, ẹ yà kí i kẹ́ ẹ tó máa kọ lẹ́tà sí èyí tó wà lókè òkun. Ẹ má gbé bébà kankan dání.

Ọmọ tiwa wálé lóṣù Kẹfà, ó rọra wọlé ni, kò sí ariwo. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Tuesday ló wá kí kóòṣì ní ṣọ́ọ̀bù, ẹnì kan péré nínú wa ló wà níbẹ̀, lẹ́tà ṣì wà lápò ẹ̀, kò tíì yọ ọ́. Kóòṣì gbé ìwé wọn jáde láti abẹ́ máṣìn, wọ́n ṣí ojú ewé kan, bírò pupa: "Kò wá. Ó ń bá ìyá ẹ̀ ta ẹ̀kọ." Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín, ó ya fọ́tò ojú ewé yẹn, ó wá bèèrè pé igun máńgòrò yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n ti tún un ṣe. Ìgbà yẹn lẹni tiwa tó yọ lẹ́tà.

Wọ́n la gọ́tà yẹn tán kí oṣù Kẹjọ tó wọlé, bíríkìlà ló sanwó fún tààràtà. Kóòṣì ní máṣìn tuntun, wọ́n ṣì ń lo ti tẹ́lẹ̀. Ìyá alákàrà ní gbèsè ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn jẹ́ náírà 140, àwọn ò gbàgbé, ó sì kà á fún wọn lọ́wọ́ lójú wa, 140 géérégé. Ìyókù tó tẹ̀ sí wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn tá a ti jáde, wọn ò tíì sọ iye ẹ̀ fún wa títí dòní.